Ẹni Tó Ní Òun Yóò Dá Gbé Bùkátà Ìkànnì Yín

Igbó-Elérin,
Òkòkómaíkò.
Ọ̀sán Ọjọ́ Ajé.

Fúnmbi ọmọ mi, Àṣàbí,

Mo mọ̀ pé àyà rẹ á já díẹ̀ tí o bá rí ìwé tó gùn tó báyìí láti ọ̀dọ̀ mi. Ara mi le. Màmá rẹ wà nínú ilé ìdáná, ó ń bá rédíò jiyàn. Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Ìwé àdéhùn tí o fi hàn mí lánàá ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. O ní Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa fọwọ́ sí i. Àbúrò màmá rẹ ń lọ sí Yábàá lọ́la, òun ni mo fi èyí rán. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá ń gbọ́ ohùn rẹ, n kò ní lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ tán.

Kí n kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Lánàá, nígbà tí o ní o ti fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀, pé ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì ti dá ìkànnì kan sílẹ̀ tí ẹ pè ní Ìloro, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá á ti máa sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀gá kan lórí wọn, màmá rẹ bi ọ́ léèrè.

"Kò ní ní ọ̀gá báwo? Ṣebí ibi tí kò bá ti lólúwa làwọn èèyàn máa ń da ilẹ̀ sí?"

"Ó lólúwa, Mọ́mì. Àwọn tó ń lò ó ló ni ín."

"Ta ló wá ń gbá a?"

"Àwọn náà ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀yin tí mo máa ń lé kiri ilé kí ẹ tó mú ìgbálẹ̀!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú rẹ, mo rí i pé o ti wá gbàmọ̀ràn ni, àwa sì ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Má bínú.

Mo ti jókòó ro ohun tí o ṣàlàyé, mo sì rò pé ó ti yé mi. Lórí àwọn ìkànnì ńlá tí gbogbo ayé ń lò, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni ẹ̀rọ, òun ló ni òfin, òun ló sì lè ti ilẹ̀kùn. Lórí tiyín, ìlú, ẹgbẹ́ tàbí ìjọ kọ̀ọ̀kan lè gbé sáfà tirẹ̀ kalẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ wọn, kó ṣe òfin tirẹ̀, síbẹ̀ kí gbogbo sáfà náà máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, tàbí tí olórí rẹ̀ bá ya ẹni burúkú, èèyàn á kó orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ṣí lọ sí òmíràn. Ohun rere ni. Ohun tí ẹ ò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni bí ó ṣe máa jẹun: iná, dátà, ẹ̀rọ, àti owó àwọn tó ń ṣọ́ ọ kí àwọn oníjìbìtì má bàa gba ibẹ̀ kan.

Ilé iṣẹ́ kan wá dé, wọ́n ní àwọn á dá gbé gbogbo bùkátà yìí fún ọdún mẹ́ta. Mo ka ìwé wọn lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìpínrọ̀ keje, wọ́n ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo èèyàn yóò wà lọ́dọ̀ àwọn, pé ọ̀rọ̀ tó bá ń ti sáfà kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ àwọn kọjá, àti pé àwọn lè yọ ọ̀rọ̀ yòówù tó bá lè pa òwò lára. Mo fi ìka tọ́ka sí i. O ní, "Dádì, wọn ò ní lò ó. Ó kàn wà níbẹ̀ ni."

Látìgbà tí o ti sọ gbólóhùn yẹn ni oúnjẹ ò ti wù mí jẹ. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, fún màmá rẹ, nínú pálọ̀ yìí kan náà. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ, bó ṣe rí gan-an, láì fi ọ̀kan pamọ́. Àwọn kan lára rẹ̀, màmá rẹ pàápàá kò gbọ́ ọ rí kó tó di àárọ̀ òní.

Nígbà tí wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́, fóònù kò tíì dọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Òpópónà márùn-ún ló wà ní apá ibi tí à ń gbé yìí. Bí ọmọ bá sọnù, bí ẹnì kan bá fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnu la fi ń gbé e kiri, kó sì tó dé òpópónà kẹta, ó ti di nǹkan mìíràn. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ kan nínú bárékè, ọ̀rọ̀ tó ń yí padà lẹ́nu máa ń bí mi nínú. Mo wá dá a lábàá pé kí òpópónà kọ̀ọ̀kan gbé pátákó dúdú kan sí ìta. Ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan síbẹ̀, kó ṣáà ti fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, olùtọ́jú pátákó kọ̀ọ̀kan á rìn lọ wo ti àwọn yòókù, á da èyí tó bá tọ́ lójú rẹ̀ kọ sí tirẹ̀. Kò sí òpópónà tó lè nu ohun tó wà lójú pátákó òpópónà mìíràn. Òfin kan ṣoṣo tí a ní nìyẹn.

A kì í gba owó. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní Sátidé tirẹ̀. Bó bá kan ilé kan, wọ́n á gún èédú pọ̀ mọ́ inú bátìrì rédíò tó ti kú, wọ́n á fi omi ewé ẹ̀gẹ́ pò ó, wọ́n á sì fi kun pátákó kó lè dú dáadáa, wọ́n á wá ra ṣọ́ọ̀kì ọ̀sẹ̀ náà. Iṣẹ́ ẹlẹ́gbin ni. Ọwọ́ èèyàn á dú títí di ọjọ́ kejì, àwọn mìíràn á bá a wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Múíbì tó ń lẹ táyà ní Ìyànà Ìbà nìkan ni kì í ráhùn. "Tíṣà," á wí, "ọwọ́ tèmi ti dú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀." O rántí rẹ̀. Òun ló máa ń pè ọ́ ní ìyàwó òun, tó máa ń fún kẹ̀kẹ́ rẹ láfẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó rẹ àwọn èèyàn. Ó rẹ èmi náà. Ìgbà náà ni Olóyè Bánjókò, tó ní ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù lójú ọ̀nà Ìbà, ránṣẹ́ pè mí. Ó fún mi ní mínírà, ó ní òun ń rí ohun tí mò ń ṣe.

"Tíṣà, èèyàn tó kàwé bíi yín, ẹ ń gún èédú? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Mo máa ṣe pátákó funfun márùn-ún, màá fi páànù bò wọ́n. Màá gba akọ̀wé kan tí á máa kọ ọ́ láti ọ́fíìsì mi, á wá máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ márààrún láràárọ̀. Ẹ̀yin ni ọ̀gá ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá ní kó kọ ló máa kọ."

"Kí ni Olóyè wá ń fẹ́?"

"Kí lèèyàn ń fẹ́ ju kí àdúgbò dáa lọ? Tí nǹkan kan bá fẹ́ ba òwò èèyàn jẹ́, kẹ́ ẹ ṣáà fi tó mi létí kó tó jáde. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù?"

Kò pọ̀ jù lójú mi. Màmá rẹ ní ọkàn òun kò balẹ̀ sí i. Mo sọ fún un pé, "Kò ní lò ó. Ó kàn sọ ọ́ ni." Inú gbogbo àdúgbò dùn. Kò sí èédú mọ́, kò sí ọjọ́ tó kan ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tí n kò rí ni pé Sátidé wọ̀nyẹn ló ń so àwọn èèyàn mọ́ pátákó náà. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ún, bí ọ̀rọ̀ kan bá parẹ́ lójú rẹ̀, á bèèrè pé ta ló pa á. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n kàn ń kà á ni, bí ìgbà tí èèyàn ń ka nǹkan tí wọ́n kọ sára ilé onílé.

Nígbà tó ṣe, Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ kan lẹ́yìn Ìbà. Ìyá Sẹ̀wánù, Ẹ̀gùn tó ń ránṣọ ní òpópónà kẹrin, mú ìwé pélébé kan wá fún wa. Ohun tó kọ sí i kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ilẹ̀ ìdílé òun ni, ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù, kí ẹnikẹ́ni má rà á. Akọ̀wé lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, Olóyè ránṣẹ́ pè mí. Kò pariwo. Ó ní, "Tíṣà, ṣé kóòtù ti dájọ́ ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn òótọ́, ẹ ti wá di adájọ́."

Mo ro ó bí ẹni tó kàwé. Mo sọ fún ara mi pé òtítọ́ ni, kóòtù kò tíì dájọ́, kò sì yẹ kí a gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Mo ní kí akọ̀wé yọ ọ́. Ẹnu kan ni mo fi sọ ọ́, ó sì parẹ́ níbi márùn-ún. Tó bá jẹ́ ìgbà àwọn pátákó dúdú ni, bí mo tilẹ̀ nu tiwa, mẹ́rin á kù.

Ìyá Sẹ̀wánù wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ fún un pé òjò ló bà á jẹ́.

Ó wo pátákó, ó wo páànù tó bò ó. "Tíṣà, òjò wo ló ń rọ̀ lábẹ́ páànù?"

Ó mú ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ rẹ̀, ó lọ kọ ọ̀rọ̀ náà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú kọ̀rọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá Múíbì dúró dè mí ní Ìyànà Ìbà nígbà tí mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun fẹ́ ra ìdajì pulọ́ọ̀tì lọ́wọ́ Olóyè, pé òun ti ń tọ́jú owó náà láti ìgbà tí Múíbì wà ní oyún. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo ohun tó ń lọ. Ṣé nǹkan kan wà lójú pátákó nípa ilẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan lójú pátákó."

"Ó parí nìyẹn," ó wí, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́.

Fúnmbi, òtítọ́ ni mo sọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún púpọ̀ pé kí wọ́n má purọ́ nínú àkọsílẹ̀, n kò sì purọ́. Irú òtítọ́ yẹn burú ju irọ́ lọ.

Bàbá Múíbì ra ilẹ̀ náà, ó ti kọ́ ilé rẹ̀ kọjá fèrèsé dé ìpele lẹ́ńtà kí ìdílé Ìyá Sẹ̀wánù tó jàre ní kóòtù. Katapílà wó o pẹ̀lú ilé àwọn mìíràn ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Olóyè ti kó lọ sí ibòmíràn. Kí Bàbá Múíbì tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Ìfọ́, ó wá dágbére fún mi. Mo jókòó, n kò lè wojú rẹ̀, ó sì rò pé àánú òun ló ń ṣe mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má jẹ́ kó dùn yín tó báyẹn. Ẹ̀yin náà ò kúkú mọ̀." Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́." Ó kú ní Ìfọ́. N kò sọ fún un. Nígbà tí o bi mí pé kí ló dé tó fi lọ, mo ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló bá a lára mu.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n tó wà nínú kòtò tèmi nìyí. Má retí pé kó tò lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní, má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan dá gbé bùkátà yín, kódà kó jẹ́ ẹni rere. Ẹ jẹ́ kí sáfà kọ̀ọ̀kan bọ́ ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá gbé sáfà kalẹ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ máa dá owó kékeré lóṣooṣù. Ẹni tí kò bá ní owó, kó fi iṣẹ́ san án: kó ṣọ́ ìkànnì fún wákàtí díẹ̀, kó dáhùn ìbéèrè àwọn àlejò, kó máa tú òfin yín sí èdè tó rọrùn. Ìwọ á rò pé ìnira lẹ̀ ń gbé lé wọn lórí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nípa èédú. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́.

Nípa ìpolówó, n kò sọ pé kí ẹ má gbà á. Télọ̀ tó wà ní Ìbà ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ń ránṣọ. Kí wọ́n kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i pé ìpolówó ni, kó sì wà lórí sáfà àdúgbò rẹ̀. Èyí tí mo kọ̀ ni èyí tó ń tẹ̀ lé òǹkàwé kiri láti mọ ohun tó rà àti ohun tó ń kó o lọ́kàn sókè. Ìyẹn ti kúrò ní ìpolówó, amí ni.

Ọ̀nà kan wà tí o fẹnu bà tí o sì tètè fò kọjá, èmi sì rò pé òun ló dára jù. Àwọn ìjọ aláṣọ funfun wà kiri ibí, ẹgbẹ́ onílé wà, àwọn oníṣòwò wà ní Alábá tó fẹ́ ojúlé tiwọn lórí ayélujára tí wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ẹ máa bá wọn gbé sáfà kalẹ̀, kí ẹ máa gba owó ìtọ́jú. Wọ́n á jẹ́ onílé, ẹ̀yin á jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè. Bí iṣẹ́ yín kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á pe ẹlòmíràn. Bákan náà, bí òǹkàwé bá fẹ́ fún òǹkọ̀wé kan lówó nítorí ìtàn tó dùn mọ́ ọn, kó lè fún un tààrà, kí sáfà mú díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ ń mú fún gbogbo ayé.

Ti owó àwọn àjọ olùrànlọ́wọ́: ní yunifásítì, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tí àjọ kan ń sanwó ìtẹ̀wé rẹ̀. A ra tábìlì àti àga, a gba akọ̀wé, a di ọ̀gá. Ọ̀gá tuntun dé sí àjọ náà, ó ní eré ìdárayá ló wu òun láti náwó sí. Ẹ̀dà kẹta ni a tẹ̀ gbẹ̀yìn. Gba irú owó bẹ́ẹ̀ fún ohun tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ̀rọ. Má fi san owó oṣù ẹnikẹ́ni.

O ní ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní kí ẹ dá owó orí ayélujára tiyín sílẹ̀, kí àwọn tó kọ́kọ́ wọlé rà á kó lè gbówó lórí. Màmá rẹ gbọ́, ó ní, "Ta ló máa wá rà á lọ́wọ́ àwọn tó wọlé kẹ́yìn?" N kò ní ohun tí mo lè fi kún ìyẹn. Àwọn èèyàn tó wá sọ̀rọ̀ á di àwọn tó ń wo iye owó, ọjọ́ tó bá sì já wálẹ̀, ìjà ni wọ́n á máa bá ara wọn jà.

Èyí tó kù ni ìpínrọ̀ keje. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọmọ mi, kò sí ẹni tí í kọ ohun tí kò ní lò sínú àdéhùn. Bí wọ́n bá fẹ́ràn yín ní tòótọ́, ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì wà lára àwọn púpọ̀ tó ń sanwó, kí owó tiwọn má ju ohun tí ẹ lè pàdánù lọ́jọ́ kan láìkú. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Ìkànnì yín á kéré, á máa rìn jẹ́jẹ́, ẹ̀yin náà á jẹ ẹ̀bà fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan níbì kan bá kọ ìlà mẹ́ta láti fi kìlọ̀ fún aládùúgbò rẹ̀, kò ní sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè pa á rẹ́.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ sí Ìbà, sí ṣọ́ọ̀bù tuntun Ìyá Sẹ̀wánù. Ó ti darúgbó, ọmọ rẹ̀ ló ń ránṣọ. Mo sọ fún un pé èmi ni, kì í ṣe òjò. Ó ní, "Tíṣà, ohun tí mo ti mọ̀ lẹ wá sọ fún mi. Ẹ lọ sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀." Ìdí nìyẹn tí mo fi padà wálé wá kọ èyí.

N kò pàṣẹ fún ọ. Ìkànnì náà kì í ṣe tèmi, o sì ti kọjá ẹni tí a ń pàṣẹ fún. Ó ṣeé ṣe kí o kà á tán, kí o wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì tí wọn kò tíì gba owó oṣù láti ọjọ́ yìí, kí o sì rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹ ti fọwọ́ sí i ṣáájú Ọjọ́bọ̀, kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ rẹ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, má fi pamọ́ fún mi. Tí ọjọ́ kan bá wá dé tí wọ́n bá ní kí o yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan, kí o tó fi ọwọ́ kan nǹkan kan, pè mí. Bó ti wù kó rí, mo máa gbé fóònù. N kò ní bá ọ jà, n kò ní sọ pé ṣebí mo ti wí. Nígbà tí ó kan èmi, ìtìjú kò jẹ́ kí n bi ẹnikẹ́ni.

Bàbá rẹ ni.